Ohun Tí Màmá Ìbírónkẹ́ Rí Nínú Àwo

Dígí náà kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí àtẹ́wọ́ fi gba gbogbo yàrá ìjẹun kan. Ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń lò fún ìròyìn ayọ̀ ló fi kéde pé àlàfo tó wà láàárín ara Tèmídire àti aṣọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju fífẹ̀ èékánná kan lọ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà dúró lórí pèpéle níwájú dígí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tẹríba fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń tàn yòò, ó sì ń fi ara pípé tí wọ́n yà fún un hàn dípò ara rẹ̀ gan-an: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jọ̀lọ̀, èjìká tó tẹ́jú, ara tí kò ní àpá, tí kò ní àbàwọ́n kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo ará Òkè Ìtura. Ó ti tó bí ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti rí ara ẹlòmíràn gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ kì í bò, nítorí iṣẹ́.

Mọrẹ́nikéjì, alábòójútó yàrá ìjẹun ilé ẹ̀kọ́, na ọwọ́ ọ̀tún, ó sì tẹ àtàǹpàkò mọ́ dígí láti jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Dígí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá fi kún un pé bí àlàfo náà bá pa dé lọ́la, Tèmídire ni yóò gun Òpó Àgbà láàárọ̀ Àbámẹ́ta láti tú àwọ̀n àkọ́kọ́ ti ọdún.

Kò sí ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ń lá lálàá rẹ̀ tó èyí. Òkè Ìtura kò ní odò, kò sì ní kànga. Inú ìkùukùu ni wọ́n ti ń fi àwọ̀n gbe omi tí wọ́n ń mu, àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ níbí ló sì ń gun àwọn òpó lọ ta àwọ̀n náà, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń tún un ṣe. Òpó Àgbà ga ju ilé alájà méjìlá lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gùn ún lọ́dún, orúkọ rẹ̀ kì í parẹ́ lẹ́nu ará òkè.

"Ọ̀gá," ẹnì kan wí lẹ́yìn Mọrẹ́nikéjì, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibi ìfọ-àwo."

Màmá Ìbírónkẹ́ ni. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, aṣọ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ sì ti gbó, ó máa ń ṣẹ́jú bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán, àmọ́ kò fìgbà kan lọ pààrọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló kù ní gbogbo òkè tó ń fi ọwọ́ fọ àwo. Ẹ̀rọ ìfọ-àwo mẹ́ta ni wọ́n gbé wá fún un. Aṣọ ló dà bò wọ́n, ó sì sọ wọ́n di ibi ìtò-agbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mọrẹ́nikéjì ti kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé náà kó tó fún un. Bí ènìyàn bá rí bí ìyá yẹn ṣe ń fọ àwo, àfi bí ẹni ń bọ́jú fún ọmọ, kò ní lè sọ pé kó fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Wọ́n wọlé, Màmá Ìbírónkẹ́ ti ilẹ̀kùn. Àwo mẹ́rin ti wà lórí tábìlì, kò tíì fọ̀ wọ́n. Ó ní ti ọjọ́ Ajé nìyí, ti Ìṣẹ́gun nìyí, ti Ọjọ́rú nìyí, èyí sì ni ti òní. Ìkọ́kọrẹ́ wà nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ mọ́ etí àwo títí ó fi dà bí èyí tí wọ́n jẹ kù. Wọ́n ti gé èkuru inú ìkejì sí wẹ́wẹ́ bí ẹni fẹ́ fi bọ́ ẹyẹ, wọ́n sì tò ó yípo, ṣùgbọ́n kò dín. Àwọn méjì yòókù kò yàtọ̀. Mọrẹ́nikéjì gbé àwo kan sókè láti yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Orúkọ Tèmídire ló wà nídìí rẹ̀.

Ó gbé àwo náà kalẹ̀ kíákíá bí ohun tó gbóná. Ó rán ìyá náà létí pé Òfin Ìbòjú kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti sọ̀rọ̀ lórí ara ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ìyìn, ìbáà jẹ́ èébú. Dígí nìkan ló láṣẹ. Ẹni tó bá rú u, ọkọ̀ okùn ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò sì ní gòkè mọ́ láé.

"Ta ló dárúkọ ara?" Màmá Ìbírónkẹ́ bi í. "Àwo ni mò ń sọ. Mo ti ka òfin yín láti òkè délẹ̀, n ò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwo."

Ó wá ń sọ ohun tó ti rí fún un, díẹ̀díẹ̀, kò sì fi ọ̀kan nínú wọn ṣe àsọdùn. Tèmídire kì í jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ nígbà oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó máa ń wá sí ilé ìdáná láti bá wọn se oúnjẹ, yóò bu ti àwọn ẹlòmíràn kún, yóò sì dúró máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Súẹ́tà méjì ló ń wọ̀ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú ooru, ìyá náà mọ̀ torí apá súẹ́tà náà máa ń yọ níbi ọrùn ọwọ́. Bó bá wọlé, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dìde lórí àpótí, òòyì kọ́ ọ, ó sì di ògiri mú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ìyá náà bi í pé kí ló ṣe é, ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mọrẹ́nikéjì bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àwẹ̀ lásán tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́.

Màmá Ìbírónkẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó ní òun bí ọmọbìnrin kan rí, Ọlábùnmi lorúkọ rẹ̀, nígbà tí òun ṣì ń gbé ní àfonífojì. Kò tíì sí aṣọ ìmọ́lẹ̀ nígbà yẹn. Fóònù ni wọ́n ní, inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìbàdí ara wọn nínú àwòrán kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ síra wọn. Ọlábùnmi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara tó wà nínú àwòrán yẹn kiri. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ó ti rẹwà, pé ó mọ bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu.

"Èmi náà ń yìn ín," ni ìyá náà wí. "Mo ń bá a rán aṣọ rẹ̀ kéré sí i, mo sì ń yìn ín."

Ọkàn ọmọ náà ló dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tó ń rìn lọ sílé láti ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú ni nọ́ọ̀sì kan wá jókòó tì í, tó sì la ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó ní àìsàn ni, kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe fáàrí, ó sì ní ìwòsàn bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n. Ó ń mú ọkùnrin bó ti ń mú obìnrin, ó ń mú ẹni tó sanra bó ti ń mú ẹni tó tín-ín-rín, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í wo ìtóbi ara láti dá a mọ̀. Àwọn kan kì í jẹun nítorí ẹ̀rù ìsanra. Àwọn kan ń fara pamọ́ jẹun títí inú yóò fi máa run wọ́n, wọn kò sì ní lè dáwọ́ dúró, ìtìjú á wá bò wọ́n. Àwọn mìíràn a jẹ ẹ́, wọn a sì lọ bì í, lójoojúmọ́, títí ẹ̀yìn oríkèé ìka wọn yóò fi ní àpá.

Mọrẹ́nikéjì rọra fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìyá náà kò wo ọwọ́ náà. Ó mú àwo kan, ó rì í bọ omi. "Àwo tìrẹ máa ń mọ́ jù, ọmọ mi," ó wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fọ̀ ọ́. N kò fẹ́ fi ipá já ilẹ̀kùn mọ́ ọ lórí. Mo ń dúró dè ọ́ ni."

Ọdún mẹ́ta. Ohun tí Mọrẹ́nikéjì ń pa mọ́ fún dígí, fún ọ̀rẹ́, fún ara rẹ̀ pàápàá, ìyá arúgbó yìí ti mọ̀ ọ́n, ó sì ń kí i láràárọ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó ń bu ọbẹ̀ fún un tìfẹ́tìfẹ́, kò pariwo rẹ̀ létí ẹnikẹ́ni. Mọrẹ́nikéjì ti ń rò pé òun ni ọ̀gá ìyá yìí. Ojú tì í fún èrò yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ bá Tèmídire nídìí àwọn òpó. Ọmọ náà nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń ta kókó okùn. Kò sí ẹni tó lè rí i kó má yìn ín: ìka rẹ̀ ń rìn lójú okùn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, kókó kan kò tíì pé tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Mọrẹ́nikéjì jókòó tì í. Ó ní kó kọ́ òun ní kókó kan, ọmọ náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láti fi hàn án. Ọwọ́ náà tutù bí òkúta inú odò, oòrùn sì wà ní àtàrí.

Ó bi í bóyá ó jẹun ọ̀sán. Tèmídire ní òun jẹ ẹ́. Ó bi í bóyá òòyì máa ń kọ́ ọ. Tèmídire tú kókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta, ó tún un ta.

"Dígí ní mo dára, Àǹtí," ó wí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, láì gbójú sókè, ó fi kún un pé: "Bí mo bá gbé oúnjẹ sẹ́nu, ó máa ń dà bíi pé mò ń jalè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Òru yẹn gùn fún Mọrẹ́nikéjì. Bó bá tẹ ìka lọ́la, ọmọ tí òòyì ń kọ́ lórí àpótí ni yóò gun òpó tó ga ju ilé alájà méjìlá lọ. Bó bá kọ̀, dígí yóò béèrè ìdí, ìdí náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lórí òkè. Gbogbo ohun tó ní, gbogbo ẹni tó mọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Èyí tó wá burú jù ni pé ohùn kan ń sọ nínú rẹ̀ pé, ta ni ìwọ gan-an tí o fẹ́ sọ̀rọ̀?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ péjọ. Ọ̀gá àgbà, Bàbá Akínmẹ́hìn, jókòó níwájú. Òun ló kọ Òfin Ìbòjú. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ní kékeré rẹ̀ ní àfonífojì, àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, wọ́n á sì máa lu ikùn rẹ̀ bí ìlù. Ó búra pé bí òun bá dàgbà, ọmọ kankan kò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ níṣojú òun. Ó sì mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ. Láti ogún ọdún, kò sí ọmọ tí wọ́n fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí lórí Òkè Ìtura. Mọrẹ́nikéjì bọ̀wọ̀ fún un gan-an, ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́fun rẹ̀ wúwo sí i.

Tèmídire gun pèpéle. Dígí wò ó, ó sì kéde pé àlàfo ti pa dé. Àwọn ọmọ fò sókè. Dígí wá ní kí ẹlẹ́rìí tẹ ìka.

Mọrẹ́nikéjì kò na ọwọ́. Dígí tún sọ ọ́. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá Akínmẹ́hìn béèrè ohun tó fà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn. Mọrẹ́nikéjì bojú wẹ̀yìn. Màmá Ìbírónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìfọ-àwo, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kán omi. Ó rántí ohun tí ìyá náà sọ nípa àwo, ó sì rí ọ̀nà tí òfin kò dí.

"Ara tèmi ni mo fẹ́ sọ," ó wí. "Òfin gbà mí láyè láti sọ ti ara mi."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí àpá ẹ̀yìn ìka rẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta rèé tí òun ti ń jẹun tí òun sì ń lọ bì í. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé bíi tiwọn, òun kì í jẹun rárá, òun á fi ṣíbí tẹ́ oúnjẹ mọ́ etí àwo, òun á sì máa se oúnjẹ fún àwọn ẹlòmíràn kí òun lè máa gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún òun. Dígí ní òun dára. Ṣùgbọ́n òtútù kì í tán lára òun, irun òun ń já sínú òòyà, òun kò sì rántí ìgbà tí òun ronú nípa nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí oúnjẹ. Ó ní àìsàn ni, pé ó lórúkọ, pé àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ wà, àti pé òun ń lọ bá wọn lónìí.

Lórí pèpéle, Tèmídire rọra jókòó. Ó ń wo Mọrẹ́nikéjì bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu àjèjì.

"Àǹtí," ó wí, "òtútù yẹn, ṣé ó máa ń wọ inú egungun?"

"Ó máa ń wọ̀ ọ́."

"Tèmi náà," ni Tèmídire wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láì pariwo.

Ní ọwọ́ ẹ̀yìn, ọmọkùnrin gíga kan dìde bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó tún jókòó, ó sì gbé orí lé tábìlì. Màmá Ìbírónkẹ́ kọjá láàárín àwọn àga, ó lọ jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ tútù rẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò bi í ní ìbéèrè kankan.

"Mo ṣe òfin yìí kí ẹnikẹ́ni má baà la ẹnu fi ọmọ kan ṣe ẹlẹ́yà," ni Bàbá Akínmẹ́hìn wí. "N kò mọ̀ pé ẹnu ẹni tó fẹ́ gbà á là náà ni mo fi kọ́kọ́rọ́ tì." Ó dìde, ó lọ pa dígí náà fúnra rẹ̀. Ó ní àwọ̀n kankan kò ní di títú lọ́la. Omi tó wà nínú àwọn àgbá yóò tó ará òkè títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ òfin náà. Kò ṣèlérí ohun tí ìgbìmọ̀ yóò sọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pe ọkọ̀ okùn, kí awakọ̀ sì mọ̀ pé àwọn tó ń gbé lọ kò rú òfin kankan, wọ́n sì lè padà wá nígbàkígbà.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wọ ọkọ̀ náà. Màmá Ìbírónkẹ́ fi dandan lé e pé òun yóò sìn wọ́n. Kó tó kúrò, ó ti bá ìyàwó Bàbá Akínmẹ́hìn sọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin gíga yẹn, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó tì í nígbà oúnjẹ alẹ́, kó má sì dárúkọ oúnjẹ fún un. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìkùukùu, okùn ń dún wìrìwìrì lókè orí wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí agbára òkè tó ń tan ìmọ́lẹ̀ wọn mọ, aṣọ ìmọ́lẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó pẹ́ kí Mọrẹ́nikéjì tó lè gbójú sókè. Súẹ́tà méjèèjì ń fì lára Tèmídire bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ètè rẹ̀ ti bó. Ọmọ náà fi apá méjèèjì bo ara rẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé. Màmá Ìbírónkẹ́, tí ojú rẹ̀ hun jọ ju bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń fi hàn lọ, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì kò sí níbẹ̀, bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà, ó sì fà á mọ́ra. Kò sọ pé ó rẹwà. Kò sọ pé ó rù. Ó bi í pé ta ló kọ́ ọ ní kókó tó máa ń ta sára okùn àwọn òpó, nítorí òun kò rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Tèmídire bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un, ohùn rẹ̀ kéré, ìka rẹ̀ sì ń fi ìṣẹ́tí ìborùn náà ṣe àpẹẹrẹ.

Mọrẹ́nikéjì ń wò wọ́n. Ó rò ó pé àádọ́rin ọdún ó lé ni ìyá yìí ti gbé láyé, ìyà tó jẹ ẹ́ nínú rẹ̀ tó láti sọ ọkàn ènìyàn di òkúta, síbẹ̀ ó gòkè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bo gbogbo nǹkan, ó yan iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ó sì ń fi ojú ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́. Bí òun bá yè é, irú ènìyàn tí òun fẹ́ dà nìyí.

Ilé ìwòsàn àfonífojì kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Ilé kékeré ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, àwọn ènìyàn oríṣiríṣi ara jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ìmọ́lẹ̀ bò. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó sanra, tó ní ẹ̀rín lẹ́nu, fa àga kan síwájú tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé, ó sì béèrè pé ta ni aláìsàn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tèmídire wo ilẹ̀. Mọrẹ́nikéjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àwa méjèèjì ni," ó wí.

Nọ́ọ̀sì náà fa àga kejì.